Eṣinṣin Máńgòrò ní Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ Jẹ́ Ká Fi Òróró Olóòórùn Pè É Wá, Ká Yé Lé E Kiri

Sí Olótùú,

Mo kí ẹ̀yin àti gbogbo àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn yín. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kan gbogbo ilé tí igi máńgòrò wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìlú nìyẹn. Láti ìgbà tí àkókò máńgòrò ti wọlé lọ́dún yìí ni àwọn kan ti ń gbé òróró ewé kiri nínú ìgò, tí wọ́n ń sọ fún àwa ọlọ́gbà èso pé bí a bá ti fín in sí igi, eṣinṣin tí ń sọ máńgòrò di onídin yóò sá lọ pátápátá. Àwọn kan gbà wọ́n gbọ́, wọ́n sì fi owó ra òróró náà. Àwọn mìíràn ní ewé lásán ni, kò lè ran ohunkóhun. Èrò tèmi ni pé agbára tí ó wà nínú òróró náà ju bí àwọn tí kò kà á sí ti rò lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn tí ń tà á ní kí a gbà lò ó kọ́ ni ó bá irú igi tí a ní àti irú ìlú tí a ń gbé mu.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀tá náà dáadáa. Kì í ṣe eṣinṣin ilé. Ara rẹ̀ pọ́n mọ́ dúdú, ìlà aláwọ̀ ìyeyè méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí kò bá fara balẹ̀ wò ó lè pè é ní agbọ́n kékeré. Abo rẹ̀ ní ohun kan tí ó mú bí abẹ́rẹ́ ní ìdí. Òun ni ó fi ń gún èèpo máńgòrò tí ó ti gbó tí kò tíì pọ́n tán, tí ó sì ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá mú èso tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gún lọ́wọ́, ẹ óò rí ojú ihò bíńtín kan tí oje ti sun jáde lójú rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ojú ibẹ̀ yóò rọ̀, yóò sì dúdú. Ẹ la èso náà, ẹ óò bá ìdin funfun nínú rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ pé bí ó bá ti dàgbà tán, tí ẹ gbé e sórí ilẹ̀, yóò ká ara rẹ̀ kò, yóò sì ta sókè. Ìdin yìí ni ó ń bá èso bọ́ sílẹ̀, tí ó ń wọnú erùpẹ̀ lọ yí padà, tí ó sì ń jáde ní eṣinṣin lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀ sí méjì. Ẹyin tí abo kan ṣoṣo lè yé ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lè lé ní 1,000.

Ilẹ̀ Éṣíà ni eṣinṣin yìí ti wá. Ọdún 2003 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà, ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, láàárín ọdún díẹ̀ sí i ó sì ti tàn dé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 2005 àwọn onímọ̀ sọ ọ́ ní Bactrocera invadens, kí wọ́n tó wá fẹnu kò ní ọdún 2015 pé Bactrocera dorsalis tí àwọn ará Éṣíà ti mọ̀ tipẹ́ ni. Òjò ni ó ń mú un rẹ̀ sí i. Ìdí nìyí tí máńgòrò tí ó tètè pọ́n nínú ẹ̀ẹ̀rùn fi ń mọ́ nínú, tí èyí tí òjò oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà bá lórí igi sì ń kún fún ìdin débi pé àwọn ìyá tí ń ta á ní Ọjà Tààkì kò ní lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún oníbàárà.

Nígbà tí ìdin bá ti wọnú èso tán, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Ohun tí a bá fín sí èèpo kò ní bá a níbi tí ó wà, àyàfi bí ó bá jẹ́ oògùn tí yóò wọnú ẹran èso náà, tí ẹni tí yóò jẹ ẹ́ yóò sì jẹ mọ́ ọn. Ó dùn mí láti sọ ọ́, àwọn kan nínú wa ń ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n ń fín oògùn líle sí èso tí wọn yóò ká ní ọjọ́ kejì. Kí a má gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀wà wa. Ní ọdún 2015 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ tí ó ń ti Nàìjíríà wá, nítorí dichlorvos, oògùn apakòkòrò líle kan, tí wọ́n bá lára rẹ̀ kọjá ìwọ̀n. Bí òyìnbó kò bá gbà á fún ọmọ tirẹ̀, kí ni ìdí tí a ó fi gbà á fún ọmọ tiwa?

Òróró olóòórùn tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ti bó ọsàn rí. Bí ọmọdé bá tẹ èèpo ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná àtùpà, ohun kan yóò tú jáde lára èèpo náà, yóò sì gbiná pàrà. Bí ó bá ta síni lójú, ojú a máa ta ni gan-an. Òróró náà nìyẹn, inú àwọn àpò kéékèèké tí a ń fojú rí bí àmì tótòòtó lára èèpo ni ó ń gbé. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní limonene, ìdá rẹ̀ sì sábà máa ń lé ní 90 nínú 100. Òróró inú èèpo yìí wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí ìdin eṣinṣin èso rọ́wọ́ mú nínú lẹ́mọ́ọ̀nù: bí abo bá yé ẹyin sí àárín àwọn àpò náà, púpọ̀ nínú ẹyin àti ọmọ ìdin ni yóò kú síbẹ̀. Igi fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ lo òróró olóòórùn dènà kòkòrò, àwa ni a ń kọ́ ọ lára rẹ̀.

Irú òróró bẹ́ẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ ewé tí ó yí wa ká. Citral ni ó pọ̀ jù nínú ti koríko ọba, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ewé tíì. Thymol ni ó pọ̀ jù nínú ti ọ̀pọ̀ efinrin tí ó ń hù ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, eugenol sì ni ti kànáfùrù. Àwọn èròjà yìí ń da iṣan ara kòkòrò rú. Díẹ̀ nínú wọn ń kọlu ibi tí èròjà kan tí ń jẹ́ octopamine ti ń ṣiṣẹ́ nínú ara kòkòrò, èròjà tí ara ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ gbára lé, èyí sì wà lára ìdí tí púpọ̀ nínú wọn fi ń ṣe kòkòrò léṣe ju bí wọ́n ti ń ṣe wá lọ. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ti imí eṣú, koríko tí gbogbo wa ń fi ọkọ́ ro dànù. Ní ọdún 1976 ni onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, William Bowers, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kéde pé èròjà kan tí wọ́n rí nínú ìbátan imí eṣú, tí wọ́n sọ ní precocene, ń mú kí ọmọ kòkòrò kan dàgbà kí ọjọ́ orí rẹ̀ tó pé, tí yóò sì di àgbà aràrá tí kò lè bímọ. Imí eṣú tiwa náà ní èròjà yìí nínú òróró rẹ̀.

Kí n yára fi kún un pé òróró tí a ń fún lára kóró dóńgóyárò kì í ṣe ara èyí. Òun kì í fò lọ nínú afẹ́fẹ́, azadirachtin tí ń bẹ nínú rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí kòkòrò bá jẹ ẹ́. Ó dára fún iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń tà á ní orúkọ òróró olóòórùn kò sọ òtítọ́ fún oníbàárà.

Kí wá ni ìṣòro tó wà nínú fífín òróró náà sí igi máńgòrò? Àkọ́kọ́ ni pé igi tí àwọn baba wa gbìn ga. Ẹ wo àwọn tí ó wà ní Arówómọlé tàbí ní ọ̀nà Òkò: ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ ìfín-oògùn kọ́yìn kò lè fín dé ìdajì wọn, orí góńgó níbi tí èso pọ̀ sí ni eṣinṣin sì ń ṣe fàájì. Èkejì ni pé bí òórùn náà ti ń tètè dé imú kòkòrò náà ni ó ń tètè fò lọ. Lábẹ́ oòrùn wa, a kò lè retí pé agbára rẹ̀ yóò pẹ́ ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ, òjò ẹyọ kan sì lè fọ̀ ọ́ dànù. Ó tún wọ́n. Bí a bá fi ooru omi híhó sè 100 kílò koríko ọba tútù, òróró tí a ó rí kì í sábà tó kílò kan. Ta ni ó fẹ́ da irú òróró bẹ́ẹ̀ sórí igi tí ó ga ju ilé alájà méjì lọ, kí ó sì tún un dà lọ́jọ́ kẹta?

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lọ́kàn mi jù ni èyí: ẹni tí ó bá lé eṣinṣin kúrò lórí igi tirẹ̀, orí igi aládùúgbò ni ó lé e lọ. Eṣinṣin náà kò kú, ẹyin rẹ̀ wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Ní ìlú tí igi wa ti fara kan ara wọn láti agboolé dé agboolé, ìfín bẹ́ẹ̀ kàn ń gbé ìpalára láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó lówó òróró lọ sí ọ̀dọ̀ opó tí kò ní nǹkan kan ju igi máńgòrò kan lọ. Èmi kò lè gba irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ wọlé.

Ọ̀nà mìíràn wà, ó sì ti pẹ́ kí a tó bí wa. Ní nǹkan bí ọdún 1912 ni onímọ̀ kòkòrò kan tí ń jẹ́ Howlett, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Íńdíà, kọ ìròyìn pé òróró citronella, tí ó ti ara ìbátan koríko ọba wá, ń pe akọ eṣinṣin èso jọ. Ó tẹ̀ síwájú nínú ìwádìí rẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1915 ó fi hàn pé methyl eugenol, èròjà tí ó wà nínú òróró àwọn ewéko olóòórùn kan, ni akọ eṣinṣin yìí kò lè rí kí ó má sáré bá. Ó ń lá a, ó sì ń fi í ṣe òórùn tí yóò fi fa abo mọ́ra. Irú efinrin kan tí àwọn ará Íńdíà ń bọ̀wọ̀ fún gan-an ní èròjà yìí púpọ̀, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sì ti ń lo ewé rẹ̀ láti fi dẹ pańpẹ́ fún eṣinṣin náà.

Bí a bá wá fi methyl eugenol sínú pańpẹ́, tí a fi oògùn apakòkòrò díẹ̀ sí i, akọ tí ó bá wá lá a yóò kú síbẹ̀. Bí akọ bá sì tán nílẹ̀, ẹyin abo kò ní di ìdin. Èyí kì í ṣe àbá lásán. Ní erékùṣù Rota, nínú òkun Pàsífíìkì, ọ̀nà yìí ni wọ́n fi pa eṣinṣin yìí run pátápátá láàárín ọdún 1960 sí 1965, àwọn ará Jàpáàn sì lò ó ní Okinawa títí wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1980. Èmi kò sọ pé a lè pa á run ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí pé òkun kò yí wa ká, eṣinṣin lè ti ìlú mìíràn fò wọlé nígbàkígbà. Ohun tí mo ń sọ ni pé a lè dín in kù. Òórùn inú pańpẹ́ kò bìkítà bí igi ṣe ga tó. Eṣinṣin ni yóò sọ̀ kalẹ̀ wá bá a.

Pańpẹ́ náà kò le láti ṣe. Ìgò ike tí a ti mu omi inú rẹ̀ tán tó, a ó lu ihò díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lókè, a ó so òwú tí a ti rẹ sínú òróró ìfà náà, ìyẹn methyl eugenol tí a ti fi oògùn apakòkòrò díẹ̀ sí, kọ́ sínú rẹ̀, a ó sì fi wáyà so ó rọ̀ sábẹ́ ẹ̀ka níbi tí òjìji wà, ní ìwọ̀n ibi tí ọwọ́ àgbàlagbà tó. Ẹ fi gírísì pa wáyà náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èèrà yóò máa kó òkú eṣinṣin lọ, ẹ ó sì rò pé pańpẹ́ kò mú nǹkan kan. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kan òróró ìfà, ẹ má sì fín in sí èso láé. Ìdánwò tí wọ́n ṣe lára eku ti fi hàn pé methyl eugenol lè fa àrùn jẹjẹrẹ bí ó bá pọ̀ lára. Wíwá tí ohun kan ti ara ewé wá kò ní kó má lè pa ni lára, àwọn tí ń ta òróró nínú ìgò tí a kò kọ nǹkan kan sí lára ni mo sì ń bá wí níbí.

Kí n sọ ibi tí agbára pańpẹ́ yìí mọ. Akọ nìkan ni ó ń mú. Eṣinṣin èso ilẹ̀ Áfíríkà tí àjèjì yìí bá níbí, Ceratitis cosyra, kò ka òórùn náà sí, òun sì ni ó ń ba díẹ̀ nínú máńgòrò ẹ̀ẹ̀rùn jẹ́. Abo tí ó ti gba akọ kí a tó gbé pańpẹ́ kọ́ yóò ṣì yé ẹyin. Nítorí náà, bí a kò bá kó èso tí ó jábọ́ nílẹ̀, iṣẹ́ asán ni gbogbo rẹ̀. Ẹ kó wọn sínú àpò ọ̀rá dúdú, ẹ dì í lẹ́nu pinpin, ẹ gbé e sínú oòrùn títí ìdin inú rẹ̀ yóò fi jinná, tàbí kí ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jìn kí ẹ sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ti ṣẹ mọ́ wa lára, pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ọgbà tí olówó rẹ̀ ń gbé ìlú Èkó, tí máńgòrò ń jẹrà sí nílẹ̀ láti oṣù kẹrin títí di oṣù keje, òun ni ó ń bí eṣinṣin fún gbogbo àdúgbò.

Fífín òróró náà kò wá ní ṣàì wúlò rárá. Ó ní ààyè tirẹ̀ lára igi kúkúrú: ọsàn, ìbẹ́pẹ, àti máńgòrò alálọ́ọ̀pọ̀ tí a ń gé lórí kí ó má baà ga. Ó dára fún kòkòrò wẹ́wẹ́ tí í lẹ̀ mọ́ ara ewé, irú àwọn tí ara wọn funfun bí òwú, tí omi dídùn tí wọ́n ń tọ̀ ń mú kí ewé máńgòrò dúdú bí ẹni pé a fi èédú kùn ún. Òróró èèpo ọsàn a máa yọ́ ìda tí ó bo ara wọn, wọn a sì gbẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó, kí ó fi ọṣẹ olómi díẹ̀ po ó kí ó tó bu omi sí i, nítorí òróró àti omi kì í jọ gbé. Kí ó má ṣe jẹ́ kí òróró kọjá ìdá kan nínú 100, èyí tí í ṣe mílílítà 160 nínú tánkì lítà 16. Ìdajì rẹ̀ ni ó dára kí ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ni kí ó kọ́kọ́ dán an wò lára rẹ̀, kí ó sì dúró di ọjọ́ kejì, nítorí òróró tí ó bá pọ̀jù yóò jó ewé. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ó fín in, nígbà tí oòrùn ti rọ̀ tí oyin sì ti wọlé. Igi tí oyin kò bá dé ìdí òdòdó rẹ̀ kò ní so dáadáa, kòkòrò ìbáà wà ìbáà má wà.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀ ju agbára wa lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ márààrún tí ó wà ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ lè da owó pọ̀ ra ìkòkò ìsèróró kan fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwa ọlọ́gbà èso. Ìkòkò ńlá olómọrí ni, ooru omi ń gba àárín ewé kọjá nínú rẹ̀, páìpù kan ń gbé ooru náà gba inú omi tútù, òróró yóò sì léfòó sórí omi tí ó bá kán sílẹ̀. Èèpo ọsàn tí àwọn tí ń bó ọsàn ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lójoojúmọ́ nìkan tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùkọ́ nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Yunifásítì LAUTECH wà láàárín ìlú yìí, àwọn ti NIHORT, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe ìwádìí nípa èso àti ewébẹ̀, sì wà ní Ìbàdàn, kò jìnnà. Mo fẹ́ kí wọ́n wá bá wa yẹ òróró efinrin tiwa, imí eṣú tiwa àti koríko ọba tiwa wò, kí a mọ èyí tí ń pe eṣinṣin àti èyí tí ń lé e, nítorí ewé kan náà tí ó hù ní ilẹ̀ méjì lè ní òróró tí kò jọra. Bí a bá fín èyí tí ń pè é sí èso wa láìmọ̀, àwa fúnra wa ni a ránṣẹ́ pe olè wá sílé.

Àwọn baálé agboolé ni mo fi iṣẹ́ tí ó ṣòro jù lé lọ́wọ́. Pańpẹ́ kan lórí igi ẹnì kan kò já mọ́ nǹkan. Gbogbo àdúgbò ni ó gbọ́dọ̀ gbé e kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan náà, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ òwú inú rẹ̀ bí òórùn bá ti ń kú. Oṣù kejì ọdún ni ó yẹ kí a gbé e kọ́, nígbà tí eṣinṣin ṣì kéré, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé kí ọdún yìí tó parí ni ó ti yẹ kí a ṣe ìpàdé, kí a sì mọ iye igi tí ó wà ní agboolé kọ̀ọ̀kan àti ẹni tí yóò máa bójú tó ọgbà àwọn tí kò sí nílé. Ọgbà tèmi wà nílẹ̀ fún ìdánwò èyíkéyìí tí àwọn onímọ̀ bá fẹ́ ṣe, mo sì ti bá àwọn aládùúgbò mi sọ ọ́, wọ́n ní àwọn náà gbà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ọlọ́gbà máńgòrò àti ọsàn kan,
Ògbómọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.